Ṣé Dandan Ni Kí Àwòrán Ilé Jọ Ilé?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú ẹgbẹ́ wa, a kò sì fẹ́ kí ó di ohun tí a ó máa sọ ní kọ̀rọ̀. Nígbàkígbà tí Ọ̀sẹ̀ Àṣà bá ń bọ̀, tí a bá ní kí àwọn tí ó mọ àwòrán yà láàárín wa mú iṣẹ́ wá fún ìpàtẹ, ohun kan náà ni a máa ń béèrè: adẹ́mu lórí ọ̀pẹ, ìyá arúgbó tí ó ru igbá, onílù tí ó fi gángan kọ́ apá, ilé alámọ̀ tí a fi koríko bo òrùlé rẹ̀. Bí ẹnìkan bá mú àwòrán mìíràn wá, tí kò sí ènìyàn tàbí ilé nínú rẹ̀, àríwísí kì í pẹ́ dé: "Kí ni èyí? Níbo ni Yorùbá wà nínú rẹ̀?" Bí ó bá sì wá jẹ́ pé Kano tàbí Jos ni a ti bí ẹni tí ó yà á, ẹ̀sùn a di méjì: "Ẹ má bá a wí, kò kúkú mọ ilé."

Lójú tiwa, ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ju àwòrán lọ. Ohun tí à ń bi ara wa ni pé: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ ilé? Ǹjẹ́ ẹni tí kò dàgbà sí ilé, tàbí ẹni tí ó ti kúrò nílé tipẹ́, lè ní ilé nínú? Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ka ìwé yìí ni ìbéèrè náà kàn gbọ̀ngbọ̀n. Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà Íńdíà kọjá, nítorí pé ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Sayed Haider Raza.

Ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀ tí ó lókìkí jù ni èyí tí ó pè ní Saurashtra, tí ó yà ní ọdún 1983. Saurashtra jẹ́ ilẹ̀ kan ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, ní ìpínlẹ̀ Gujarat, tí omi òkun yí ká ní apá mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ìlú Porbandar wà, níbi tí wọ́n ti bí Mahatma Gandhi. Àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára aṣọ, wọn a sì máa rán dígí wẹ́wẹ́ mọ́ ọn kí ó lè máa kọ mànà nínú oòrùn. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ yìí, tí ó wá dúró síwájú àwòrán Raza, yóò wá òkun títí, kò ní rí i. Yóò wá Porbandar, yóò wá obìnrin aláṣọ dígí, kò ní rí ọ̀kankan. Ohun tí yóò rí ni kánfáàsì ńlá kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 2, tí òró rẹ̀ náà jẹ́ mítà 2, tí a pín ojú rẹ̀ sí ìpín-ìpín bí oko tí a pààlà sí. Pupa ń jó nínú rẹ̀ bí iná ìgbẹ́. Àwọ̀ ọsàn tí ó pọ́n wà níbẹ̀, àwọ̀ amọ̀ wà níbẹ̀, dúdú náà sì wà níbẹ̀ tí ó ń mú kí ìyókù máa tàn. Síbẹ̀, ẹni tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ti pa lórí rí kò nílò ògbufọ̀ níwájú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, wọ́n ta àwòrán yìí ní gbàǹjo ilé-iṣẹ́ Christie's ní Lọ́ńdọ̀nù ní £2,393,250. A kò mẹ́nu ba owó yìí nítorí pé owó ni ó ń sọ iṣẹ́ di iṣẹ́ gidi. A mẹ́nu bà á kí ẹni tí ó bá ń sọ pé "ọmọdé lè ya èyí" lè kọ́kọ́ mú sùúrù ná.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe dé ibẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí ó gbà gan-an ni ẹ̀kọ́ wa. Ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1922 ni a bí Raza ní Babaria, ní agbègbè Mandla, láàárín gbùngbùn Íńdíà. Aṣọ́gbó ìjọba ni bàbá rẹ̀, nítorí náà inú igbó, nítòsí odò Narmada, ni ọmọ náà ti gbọ́njú. Nígbà tí ó dàgbà, òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé òru igbó náà a máa ba òun lẹ́rù púpọ̀, àti pé ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni ọkàn òun tó ń balẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: dúdú òru àti pupa òwúrọ̀. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Olùkọ́ rẹ̀ kan fi àmì róbótó kan sára ògiri, ó ní kí ó jókòó, kí ó tẹjú mọ́ ọn, kí ó má ro nǹkan mìíràn. Bindu ni wọ́n ń pe irú àmì bẹ́ẹ̀ ní Íńdíà, ọ̀pọ̀ níbẹ̀ sì gbà pé òun ni irúgbìn tí ohun gbogbo ti hù jáde. Ó lé ní 40 ọdún lẹ́yìn náà kí àmì yìí tó di ọba nínú àwòrán Raza. Ohun tí a gbìn sí ọmọdé nínú kì í kú. Ìgbà rẹ̀ ni ó máa ń dúró dè.

Ó kọ́ṣẹ́ ní Nagpur, ó tún kọ́ṣẹ́ ní Sir J. J. School of Art ní Bombay, ìlú tí a ń pè ní Mumbai lónìí. Ní ọdún 1947, ọdún tí Íńdíà gba òmìnira, òun àti F. N. Souza, M. F. Husain, K. H. Ara, H. A. Gade àti S. K. Bakre dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Progressive Artists' Group. Ọ̀nà ìyàwòrán tuntun ni wọ́n ń wá fún orílẹ̀-èdè tuntun. Wọn kò fẹ́ máa sín àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ, wọn kò sì fẹ́ máa tún àwòrán àtijọ́ yà bí ẹni pé ayé kò yí. Ọdún kan náà ni a pín ilẹ̀ náà sí méjì, tí Pakísítàn jáde lára rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Mùsùlùmí ni ìdílé Raza. Púpọ̀ nínú àwọn ẹbí rẹ̀ kó lọ sí Pakísítàn, òun dúró.

Ní ọdún 1948 ó wà ní Kashmir, ó ń ya ilẹ̀ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Henri Cartier-Bresson, ayafọ́tò ọmọ Faransé tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Ọkùnrin yìí wo iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ẹ̀bùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ kò sí. Ó ní kí ó lọ wo bí Cézanne ṣe ń to àwòrán bí ẹni kọ́ ilé. Raza kò bínú. Ní ọdún 1950 ìjọba Faransé fún un ní owó ẹ̀kọ́, ó sì kọrí sí Párísì. Nǹkan bí 60 ọdún ni ó lò ní Faransé.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yà níbẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ Íńdíà rárá. Abúlé Faransé ni. Ẹni tí ó bá rí Haut de Cagnes, tí ó yà ní ọdún 1951, yóò rí àwọn ilé tí a tò sára wọn, láìsí ẹ̀dá alààyè kan láàárín wọn. Ní ọdún 1956 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Prix de la Critique, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ Faransé tí ó gbà á. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí wó nínú àwòrán rẹ̀. Ìlà tí ó pààlà sáàárín ilé àti igi pòórá, ó ku ọ̀dà nìkan. Ní ọdún 1962 ó lọ ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, ó rí iṣẹ́ Mark Rothko, ó sì rí i pé àwọ̀ lè dá dúró kí ó sì sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, ó fi ọ̀dà olóróro sílẹ̀, ó mú acrylic, ọ̀dà tí a ń fi omi pò tí ó sì ń tètè gbẹ, èyí tí ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lè máa yára bí ọkàn rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Raza ti ní orúkọ, ó ti gba ẹ̀bùn, ó ti fẹ́ ìyàwó ọmọ Faransé, Janine Mongillat, ní ọdún 1959. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé níbo ni Íńdíà wà nínú iṣẹ́ òun. Ẹ kíyè sí i o! Ìbéèrè tí à ń bi ara wa níbi ìpàtẹ ni ó bi ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe dáhùn. Kò sáré lọ ya erin, kò sáré lọ ya obìnrin tí ó ró sárì. Ilé ni ó lọ. Láàárín àwọn ọdún 1970, léraléra ni ó ń padà sí Íńdíà. Ó lọ wo àwọn ihò àpáta Ajanta àti Ellora, ó lọ sí Varanasi, ó rìn kiri Gujarat àti Rajasthan. Ó jókòó ti àwọn àwòrán kéékèèké tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ààfin Rajasthan ti yà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn lọ́nà púpọ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pupa ti àwọ̀ ìyeyè, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀já àwọ̀ yí àwòrán ká bí ìgbátí aṣọ. Lẹ́yìn èyí ni ó padà sí Párísì tí ó ya ilẹ̀ Íńdíà láìsí igi kan, láìsí ilé kan nínú rẹ̀. Ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ̀rọ̀ èdè Hindi sára kánfáàsì. Àwòrán kan tí ó yà ní ọdún 1981 ni ó pè ní Maa, èyí tí ó túmọ̀ sí Ìyá.

Nítorí náà, àwòrán tí kò jọ ohunkóhun kọ́ ni ó kọ́kọ́ yà. Òun ni ó yà kẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ mọ bí a ti í ya ohun tí ojú rí, ó kọ́ bí a ti í tò ó, ó kọ́ bí a ti í tú u, ó wá padà lọ bá ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti Kashmir dé Saurashtra, ọdún 35 ni. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ọ̀nà àbùjá ni irú àwòrán yìí, kí ó ka ọdún wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

A mọ̀ pé àtakò kan wà tí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹnìkan lè sọ pé: "Ó dára, ṣùgbọ́n ènìyàn dà nínú rẹ̀? Àwọn tí ọ̀dá ń pa ní Gujarat, àwọn tí a pa ní 1947, ṣé pupa àti dúdú lásán ni wọ́n?" Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àwa náà gbà pé ewu wà nínú kí ènìyàn jókòó sí Párísì kí ó máa ya ilẹ̀ tí ebi kò pa á lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ram Kumar, ọmọ Íńdíà mìíràn tí a bí ní Shimla ní ọdún 1924. Àwọn ènìyàn ìlú tí ìbànújẹ́ hàn lójú wọn ni ó ń yà ní àwọn ọdún 1950. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun àti Husain jọ lọ sí Varanasi, ìlú mímọ́ tí ó wà létí odò Ganga, níbi tí wọ́n ti ń sun òkú létí omi lójoojúmọ́. Èrò wọ́ tìtì níbẹ̀, ìyà sì pọ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, Ram Kumar bẹ̀rẹ̀ sí yọ ènìyàn kúrò nínú àwòrán. Ó ku ògiri, ó ku omi, ó ku àwọ̀ eérú. Nígbà tí ó yá, ògiri pàápàá kò ṣe é dá mọ̀ mọ́. Kì í ṣe pé kò rí ìyà. Ìyà tí ó rí ju ohun tí ojú kan lè gbé lọ. Ìgbà mìíràn wà tí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í lè sọ̀rọ̀. Ṣé a ó wá sọ pé kò dùn ún ni?

Ẹ jẹ́ kí a yí ojú padà sọ́dọ̀ ara wa wàyí. Àwọn onímọ̀ kan ti sọ fún wa pé inú "a-wò-rántí" ni ọ̀rọ̀ náà àwòrán ti wá: ohun tí a wò tí a fi rántí. Wọn kò sọ pé ohun tí ó jọra. Ìrántí ni. Àwọn ìyá wa tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Ẹ wo aṣọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn: ìlú Ìbàdàn ni wọ́n kó sórí aṣọ, ṣùgbọ́n òpó gbọ̀ngàn Mápó nìkan ni ẹ ó fi dá a mọ̀, ìyókù jẹ́ ọnà tí ìyẹ́ adìẹ fà láàárín igun mẹ́rin-mẹ́rin. Kò sí ìyá tí ó ró o tí a bi léèrè pé, "Òkè Mápó dà? Ọjà dà?" Kí ló dé tí a wá ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tí a kò bi ìyá?

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé irú ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná rí ní òkè Ọya níbí. Ní ọdún 1958, ọdún méjì kí a tó gba òmìnira, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí i tiwa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Zaria dá Zaria Art Society sílẹ̀. Uche Okeke wà níbẹ̀, Demas Nwoko wà níbẹ̀, Bruce Onobrakpeya wà níbẹ̀, Yusuf Grillo ọmọ Èkó náà wà níbẹ̀. Bí àwọn ará Bombay ti béèrè ní 1947 ni wọ́n béèrè ní Zaria: kí ni a ó mú nínú ohun tí òyìnbó kọ́ wa, kí ni a ó mú nílé, báwo ni a ó ṣe pò ó pọ̀? Ìdálẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nígbà tí wọ́n ń béèrè rẹ̀. Bóyá nítorí pé wọ́n wà ní ìdálẹ̀ gan-an ni ìbéèrè náà fi gún wọn lára. Ẹni tí ó wà nílé kì í ronú ilé. Ẹni tí ó jìnnà sí i ni ó ń ronú rẹ̀.

Kí ni à ń fẹ́, nígbà náà? Àkọ́kọ́, à ń bẹ àwọn tí ń ṣètò Ọ̀sẹ̀ Àṣà pé kí wọ́n dẹ́kun fífún ayàwòrán ní ìwé àkọsílẹ̀ ohun tí ó gbọ́dọ̀ yà. A kò bá adẹ́mu jà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ràn adẹ́mu, kí ó yà á dáadáa. Ṣùgbọ́n kí a má fi adẹ́mu ṣe ìwé ìrìnnà tí a ó fi máa mọ ọmọ Yorùbá. Púpọ̀ nínú àwa tí à ń béèrè adẹ́mu kò rí ẹni tí ó gun ọ̀pẹ rí. Inú kàlẹ́ńdà ni a ti mọ̀ ọ́n.

Èkejì, ọ̀rọ̀ wa kò tíì tán sórí àwọn ayàwòrán fúnra wọn. Kí ẹnikẹ́ni má da ọ̀dà sórí kánfáàsì lálẹ́ ọjọ́ tí ìpàtẹ ku ọ̀la, kí ó wá pè é ní Ọ̀ṣun nígbà tí kò tíì fi ẹsẹ̀ kan omi Ọ̀ṣun rí. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Raza kò sọ àwòrán ní Saurashtra kí ó tó rìn dé Gujarat. Bí o bá fẹ́ ya Ìdànrè láìsí òkè nínú rẹ̀, kọ́kọ́ lọ gun òkè náà kí ẹsẹ̀ rẹ ro ọ́. Bí o bá ti mọ ìwúwo rẹ̀, o lè wá yọ òkè kúrò, ìwúwo yóò kù.

Ẹ̀kẹta kan gbogbo wa, ayàwòrán àti ẹni tí kò lè fa ìlà kan. Àwa tí a bí sí ìdálẹ̀ ti mọ́ lára láti máa fi ìbínú dáhùn bí wọ́n bá ní a kò mọ ilé. Ìbínú kò kọ́ ẹnikẹ́ni mọ ilé. Bí ìsinmi bá dé, ẹ jẹ́ kí ìrìn wa sí ilé ju ti ìgbéyàwó àti ìsìnkú lọ. Ẹ jẹ́ kí a béèrè orúkọ igi, orúkọ odò, orúkọ oko bàbá ńlá wa lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọ̀ ilẹ̀ náà bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bí a bá padà sí ọgbà wa níbí, kì í ṣe fọ́tò ni a ó gbé bọ̀. Ohun tí fọ́tò kò lè gbé ni.

Ajò kì í dùn kí onílé má relé. Lẹ́yìn tí ìyàwó Raza kú ní ọdún 2002, ó padà sí Íńdíà ní ìparí ọdún 2010, ó sì ń yàwòrán lọ ní New Delhi títí ó fi kú ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2016, ní ẹni ọdún 94. Mandla ni wọ́n gbé e lọ, ẹ̀gbẹ́ ibojì bàbá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, lórí ilẹ̀ pupa tí ó ti ń yà láti òkèèrè. Kò sí ẹni tí ó bi í níbẹ̀ bóyá ọmọ onílẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ará wa, a kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ ikú kí a tó gbà fún ara wa pé ọmọ ilé ni wá. Bí ìpàtẹ tí ó ń bọ̀ bá dé, tí ẹ bá rí àwòrán kan tí kò sí ilé, tí kò sí igi, tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ẹ má sáré béèrè pé níbo ni Yorùbá wà. Ẹ bi ẹni tí ó yà á pé ibo ni ó lọ, àti pé kí ni ó rí. Bí ó bá ní ìdáhùn, ẹ gbé àwòrán náà kọ́ sí ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Bí kò bá ní, ẹ fún un ní owó ọkọ̀ kí ó relé.